Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ní ṣọ́ọ̀bù ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ eré orí tábìlì, tàbí ní ilé ẹni tí mo mọ̀?

Àbúrò Leeds

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá wa. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan ni ìfẹ́ Dungeons & Dragons ti wọ̀ mí lọ́kàn, ìyẹn eré tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe, tí adarí eré ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí olúkúlùkù ń sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, tí dáìsì yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Mo ti ka òfin tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti ra dáìsì, àmọ́ n kò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe é rí.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Ṣọ́ọ̀bù kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Adventurers League, ìyẹn ètò eré D&D tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń fi òfin kan náà ṣe, ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà sì ní ẹgbẹ́ tí ń pàdé nílé rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bá bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé iṣẹ́ mi kò dúró lójú kan: ọ̀sẹ̀ kan alẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ kejì òwúrọ̀ ni. N kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa dúró dè mí, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé bí àlejò ni n óò máa jókòó láàárín àwọn ènìyàn títí láé. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ẹ rò pé kí n mú?

Ẹ̀gbọ́n Houston

Àbúrò, o kú iṣẹ́ òru. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò dúró lójú kan tí o fi sí ìparí yẹn gan-an ni orí ọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń darí eré ní ṣọ́ọ̀bù àti ní àpéjọ àwọn eléré níhìn-ín, n óò sì fẹ́ kí o mọ ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, torí bí o bá mọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, òfin rẹ̀ kò ní dà bí ìnira sí ọ.

Ọdún 1974 ni Dungeons & Dragons jáde. Inú ilé àti inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, olúkúlùkù adarí sì ń tún òfin rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpéjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí kò mọra jọ, òfin ilé ẹni yìí kò bá ti ẹni yẹn mu mọ́. Ní 1980 ni ilé-iṣẹ́ TSR, tó ń tẹ eré náà jáde nígbà náà, dá ẹgbẹ́ àwọn eléré kan tí wọ́n ń pè ní RPGA sílẹ̀. Nígbà tó di 1987, ẹgbẹ́ yìí gbé Living City kalẹ̀: ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ravens Bluff ni gbogbo ẹ̀dá-ìtàn ń gbé, o sì lè gbé ẹ̀dá-ìtàn rẹ kan náà láti àpéjọ kan dé òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Living Greyhawk dé, láti 2000 títí di 2008, ìyẹn ló sì wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ inú ìtàn fún àwọn orílẹ̀-èdè àti ìpínlẹ̀ tó wà láyé gan-an, débi pé bí o bá fẹ́ ṣe ìrìnàjò tó jẹ́ ti agbègbè kan, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Pathfinder Society, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Paizo ń ṣe fún Pathfinder, eré tiwọn tó jọ D&D, bẹ̀rẹ̀ ní 2008, Adventurers League tí o ń wí yìí sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014.

Ìdí kan ṣoṣo ló bí gbogbo òfin wọn: kí àlejò lè jókòó ti àlejò láìsí ìjà. Wo bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ẹni nínú Adventurers League. Nílé, o lè ta dáìsì láti mọ bí agbára àti ọgbọ́n ẹ̀dá-ìtàn rẹ yóò ṣe pọ̀ tó. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò gbà á, nítorí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí o ta á. Wàá pín 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 sí ibi tó bá wù ọ́, tàbí kí o fi àmì 27 ra èyí tí o fẹ́. Wọ́n tún pín àwọn ẹ̀dá-ìtàn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe ń gòkè, ipele 1 sí 4, 5 sí 10, 11 sí 16, àti 17 sí 20, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má baà jókòó ti ẹni tó lè pa dírágónì nìkan. Ní Pathfinder Society, ìrìnàjò kan kì í ju wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Tí ẹ bá parí, adarí yóò fún ọ ní ìwé àkọsílẹ̀, àmì ìrírí mẹ́rin yóò wọlé fún ọ, àmì méjìlá ló sì ń gbéni gun ipele kan. Ìjókòó mẹ́ta nìyẹn. Bí o kò bá wá fún oṣù méjì, kò sí ẹni tí o dá dúró, ìwé rẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo rántí obìnrin kan tó wọlé wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ kan, aṣọ iṣẹ́ ọsibítù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ wòran ni. Mo fún un ní ẹ̀dá-ìtàn tí a ti ṣe sílẹ̀, mo yá a ní dáìsì olójú ogún, mo sì fi ìka hàn án lórí bébà ibi tí yóò máa wò. Fún wákàtí kan gbáko kò sọ ju “mo lù ú” lọ. Nígbà tó yá, afárá já lábẹ́ ọmọ kékeré kan nínú ìtàn, ó sì dìde dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ mú ọmọ náà ní tòótọ́, ó ní, “Mo fò lé e!” Dáìsì rẹ̀ fi 18 hàn. Ariwo tí tábìlì náà pa mú kí àwọn tó ń rajà níwájú ṣọ́ọ̀bù wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tó wọlé, àmọ́ kí ó tó lọ, ẹni mẹ́ta ti gba nọ́ńbà rẹ̀.

Lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀, n kò sì jiyàn sí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò tíì sọ fún ọmọ yìí, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n kó tó yan èyí tó wù ú.

Tábìlì tèmi, inú yàrá ìjẹun ni. Àwọn ìbejì mi wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń wá. Ìlú tí a ń ṣe eré nínú rẹ̀, èmi ni mo dá a: ibodè méje ló ní, ọba rẹ̀ kì í jáde lójú òjò, odò kan sì ya ọjà rẹ̀ sí méjì. Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ ogun ń lé àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọn bọ̀, wọ́n sì dáná sun afárá onígi orí odò náà kí wọ́n lè sá lọ. Ọgbọ́n tó dára ni, mo sì yìn wọ́n fún un. A bá ìtàn lọ síbòmíràn, ó tó oṣù méje kí wọ́n tó padà sí ìlú náà.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn sọdá, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ìyá ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó igbá rẹ̀ kúrò lórí ọ̀nà, nítorí kò sí èrò tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ́, àwo mẹ́ta péré ló sì gbé síwájú. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ní òun kò ní ẹ̀kọ tà fún wọn. Kẹ́hìndé gbé dáìsì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá wojú mi, ó ní, “Mọ́mì, àwa la fà á.” Gbogbo ìyókù alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìjà kankan. Igi ni wọ́n ń wá láti fi tún afárá ṣe, ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ akọrin sì fi wákàtí kan gbáko dúnàádúrà pẹ̀lú káfíńtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sórí ahọ́n mi.

Nínú eré tí ilé-iṣẹ́ ṣètò, bí tábìlì tiyín bá sun afárá, afárá náà ṣì wà lórí tábìlì kejì, ó sì ní láti wà níbẹ̀, nítorí bí ọgọ́rùn-ún tábìlì bá ń ṣe ìrìnàjò kan náà, wọn kò lè jẹ́ kí tiyín nìkan ba ayé jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Houston mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni adarí Pathfinder Society gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí òun bá dá ìyá ẹlẹ́kọ sílẹ̀ lálẹ́ òní, alẹ́ òní náà ni ìyá náà yóò parẹ́. Orí Golarion, ayé inú ìtàn Pathfinder, ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìlú oníbodè méje kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ náà.

Nílé ìyá mi àgbà ní Ìkirè, bí wọ́n bá ń pàlọ́ fún wa, àwa la máa ń gbe orin. Bí a bá gbè é dáadáa, ìjàpá yóò ṣe ohun tí kò ṣe lánàá, nítorí ìyá àgbà ń wojú wa bó ṣe ń pa á. Ohun tí mò ń wá nídìí eré yìí nìyẹn, ibi tí ẹni tó ń darí ti mọ ojú àwọn tó ń gbè é ni mo sì ti rí i.

N kò ní fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ, àbúrò. Kí n tó ní tábìlì tèmi, mo wà nínú ẹgbẹ́ ilé kan tó kú ikú ìdákẹ́jẹ́. Ẹnì kan kò lè wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn kò lè wá lọ́sẹ̀ kejì, ìpàdé mẹ́rin kọjá láìwáyé, ẹgbẹ́ WhatsApp wa sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ti parí. Ẹ̀dá-ìtàn mi ṣì wà nínú ihò àpáta tí a fi í sí títí di òní, ó sì dùn mí.

Akọ̀wé Dublin

Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi, n kò sì ní pẹ́. Má ra ìwé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn tó ni Dungeons & Dragons gbé ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ jáde lábẹ́ àṣẹ Creative Commons, ẹnikẹ́ni ló lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Pathfinder náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Archives of Nethys. Bi ṣọ́ọ̀bù náà bóyá wọ́n ń gba owó ìjókòó, nítorí àwọn kan ń gbà á, àwọn kan kò gbà á, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ kí o ra ohun mímu. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lú aago tí wọ́n ń parí, kí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn má baà fi ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta, Toronto

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn afárá yẹn sì wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn, nítorí ilé kì í ṣe ibi ààbò fún gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ẹnì kan pè mí sí ẹgbẹ́ ilé rẹ̀. Ẹni márùn-ún ni wọ́n, wọ́n ti mọra láti ilé-ìwé. Bí mo bá ti la ẹnu, ọ̀kan nínú wọn yóò sín ọ̀rọ̀ mi jẹ, yóò ṣe bí mo ṣe pè é, àwọn yòókù yóò sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò dẹ́kun. Ní ìjókòó kẹta, ó sọ ẹ̀dá-ìtàn mi di ẹni tí kò gbọ́ èdè, adarí sì gbà fún un. Ta ni n óò fẹjọ́ sùn? Onílé ni adarí, ọ̀rẹ́ onílé ni ẹni náà. Mo dúpẹ́ oúnjẹ tí mo jẹ, mo sì lọ.

Ó tó ọdún kan kí n tó tún dán an wò, Pathfinder Society ni mo sì lọ. Ní alẹ́ kejì mi níbẹ̀, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ibẹ̀ fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó pè é sẹ́yìn, ó bá a sọ̀rọ̀, ẹni náà sì padà wá jókòó ní jẹ́ẹ́. Òfin ìwà wà ní kíkọ, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó agbègbè náà wà, Venture-Captain ni wọ́n ń pè é, o sì lè kọ̀wé sí i. Àlejò tí kò ní ìbátan nílùú mọ iyì irú ìyẹn.

Ní ti pé eré ṣọ́ọ̀bù kì í rántí nǹkan, n kò gbà á tán. Ìwé kò rántí, àmọ́ àwọn ènìyàn ń rántí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ẹ̀dá-ìtàn kan náà káàkiri tábìlì níhìn-ín, babaláwo arìnrìnàjò tí kì í jẹ ẹja, àwọn tí mo bá ṣe eré lẹ́ẹ̀kan péré sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ti jẹ ẹja. Afárá lè má jóná, ṣùgbọ́n mo di ẹni mímọ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn kò dára rárá, mo sì gbà pé n kò rò ó dé ibẹ̀, nítorí èmi ni onílé lórí tábìlì tèmi, ẹni tó ni ilé kì í sábà rí ohun tí àlejò ń rí. N óò bi àwọn ọ̀rẹ́ mi léèrè lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ohun kan wà tí wọ́n ti ń gbé mì.

Àbúrò Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá ṣẹ̀dá ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣé mo lè gbé e lọ sí ilé ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́? Ṣé èyí tí mo bá ṣẹ̀dá nílé náà lè wá sí ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀gbọ́n Houston

Láti ṣọ́ọ̀bù sí ilé, ọwọ́ adarí ilé ló wà. Bó bá gbà, ó tán. Láti ilé sí ṣọ́ọ̀bù, rárá, nítorí kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí bí o ṣe rí idà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Wàá tún un ṣe láti ipele kìíní, pẹ̀lú orúkọ kan náà bí o bá fẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan tún wà ní àárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Pathfinder Society gbà kí o ṣe àwọn ìrìnàjò rẹ̀ nínú ilé ara rẹ, pẹ̀lú àwọn tí o yàn, kí o sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Society bí èyí tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá sáà ti tẹ̀lé òfin. Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ìtàn gígùn kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ẹgbẹ́ ilé lè fi òfin ilé tiwọn ṣe pẹ̀lú ẹ̀dá-ìtàn tó wù wọ́n, tí olúkúlùkù yóò sì gba ìwé àkọsílẹ̀ tó lè fún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ti Society. Adarí pàápàá ń gba ìwé tirẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń darí nílé lálẹ́ Sátidé kò pàdánù ohunkóhun nígbà tó bá dé àpéjọ.

Mo sì fẹ́ sọ ohun kan fún Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà lórí ìyá ẹlẹ́kọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn akópa lórí tábìlì mi yí olórí ọlọ́ṣà kan lọ́kàn padà, wọ́n bá a jẹun, ó búra fún wọn pé òun yóò máa bá wọn lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn bi mí, “Níbo ni ọlọ́ṣà wa wà?” N kò ní ìdáhùn tí mo lè fún un. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ eré ilé tèmi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọlọ́ṣà náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Àbúrò, wàyí o, bí n óò ti ṣe é bí èmi bá ni ìwọ nìyí. Ọjọ́rú tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí etí rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí dáìsì dẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, má ṣe sọ fún un pé o ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Sọ fún un bí iṣẹ́ rẹ ṣe rí, kí o ní, ṣé ẹ̀dá-ìtàn kan lè wà tí ó ń dé tó ń lọ? Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, tàbí òjíṣẹ́, tàbí oníṣòwò tó ń ná ọjà jíjìnnà. Adarí tó mọṣẹ́ yóò rí àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtàn kò sì ní dúró lọ́jọ́ tí o kò bá sí.

Kí o tó jókòó, ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ kò fẹ́ rí nínú ìtàn náà. Àwa máa ń fi gbogbo ìjókòó àkọ́kọ́ ṣe ìyẹn, láìta dáìsì kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sin ọmọ rí, ó sì sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé òun kò fẹ́ kí ọmọdé kú nínú eré wa. Ọdún mẹ́ta rèé, kò sí èyí tó kú. Bí ẹni tó ń pè ọ́ bá kọ irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, tàbí tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, rántí ọ̀rọ̀ Ọmọ Abẹ́òkúta, kí o sì dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Àbúrò Leeds

Mo ti bá ẹni náà sọ ọ́ nígbà ìsinmi oúnjẹ lóru àná. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní odò ńlá kan wà nínú ìtàn wọn tí wọn kò tíì rí ẹni gbé wọn sọdá rẹ̀, òun yóò sì fi ọkọ̀ kan síbẹ̀ dè mí. Mo ti pààrọ̀ iṣẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan. Ṣọ́ọ̀bù ní owó ìjókòó kò sí, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì ń parí, ọkọ̀ mi sì ń gbéra ní mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ti pín àmì mi: mo fi 15 sí agbára, mo fi 8 sí ọgbọ́n ìwé. Àkànní lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ ojú omi ni.